Mo ra àgádágodo sí wẹ́bsáìtì àlọ́ mi, àwọn tó ń kà á ló tì mọ́ ìta

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti fẹ́ kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, mo ní kí n ṣe sùúrù, kí n lo nǹkan ọ̀hún dáadáa ná, kó má di pé ìbínú ni mo fi kọ ọ́. Mo ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, mo ti yọ ọ́ kúrò, ojú mi sì ti rí i. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wẹ́bsáìtì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Yorùbá kọ nǹkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó ná owó yín.

Ohun tí mo rà ni plugin kan, ìyẹn àfikún kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ WordPress tí mo fi ṣe wẹ́bsáìtì mi, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tẹ́ ẹ kọ kọ́pì. Mi ò ní dárúkọ wọn o. Irú wọn pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà ṣiṣẹ́, ohun tó bá mi lọ́wọ́ eléyìí lè bá yín lọ́wọ́ òmíì. Dọ́là 39 lọ́dún ni wọ́n ń gbà, nígbà tí báǹkì mi fi máa yọ tiwọn kúrò ó ti lé ní ₦60,000.

Kí ló dé tí mo fi rà á? Wẹ́bsáìtì mi, àlọ́ ló kún ibẹ̀. Àlọ́ àpamọ̀ díẹ̀, àlọ́ àpagbè ló pọ̀ jù pẹ̀lú orin wọn, ẹnu ìyá ìyá mi ni mo sì ti gba gbogbo ẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jókòó tì wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá gbé fóònù lé itan wọn kó lè gba ohùn wọn, wọ́n á pa á, "Ààlọ́ o!", èmi nìkan ni màá dáhùn "Ààlọ̀!", wọ́n á ní kí n dáhùn sókè, àfi bí ẹni pé ogún ọmọ ló jókòó síwájú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń tẹ̀ wọ́n, pẹ̀lú àmì orí àti àmì abẹ́, ẹyọ àlọ́ kan lè gbà mí tó ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ti lé ní 70 báyìí. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan láti kà wọ́n.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí ọmọ àbúrò màmá mi fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ ni pééjì yìí?" Mo ṣí i, pééjì Facebook kan ni, àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo ìyàwó ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mi látòkè délẹ̀, orúkọ ẹlòmíì lábẹ́ ẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí i kú iṣẹ́, wọ́n ń ní kí Ọlọ́run máa fún un ní ọgbọ́n kún ọgbọ́n. Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá òun náà gbọ́ àlọ́ ọ̀hún nílé wọn, ṣebí àlọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan tí àyà mi fi já. Ibì kan wà nínú ẹ̀ tó yẹ kí n kọ "igbá", ìyẹn igbá tí Yánníbo fi bu ọbẹ̀, mo gbàgbé àmì, mo kọ "igba". Tiẹ̀ náà, "igba" ló wà níbẹ̀. Àṣìṣe tí mo ṣe lóru, ó gbé e bó ṣe wà. Ó ká mi lára gan-an. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ra plugin yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa. Kò le láti so mọ́ wẹ́bsáìtì, ìṣẹ́jú márùn-ún ti pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, tẹ́ ẹ tẹ máòsì lápá ọ̀tún, nǹkan kan ò ní yọ. Tẹ́ ẹ fi ìka mọ́ ọ̀rọ̀ lórí fóònù kẹ́ ẹ lè yàn án, kò ní gbọ́. Ctrl+C ti kú, Ctrl+P ti kú, Ctrl+U téèyàn fi ń wo inú pééjì náà ti kú. Ìkìlọ̀ kan á sì yọ pé ọ̀rọ̀ yìí ní olówó, wọ́n fàyè sílẹ̀ kí n yí ìkìlọ̀ ọ̀hún sí Yorùbá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀. Mo sùn dáadáa.

Lọ́jọ́ Sunday àbúrò mi ọkùnrin wá sílé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, mo ní kó wá wò ó. Ó wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó kàn fa àga. Ó ṣí i nínú Firefox, bùráúsà kan téèyàn fi ń wo wẹ́bsáìtì, ó di Shift mú, ó tẹ máòsì lápá ọ̀tún, gbogbo ohun tí wọ́n ní kò ní yọ ló yọ. Ó tẹ F9, pééjì náà bọ́ gbogbo aṣọ ọrùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ku ọ̀rọ̀ lásán tó ṣeé kọ́pì. Ó pa JavaScript, ìyẹn àṣẹ tó ń mú kí nǹkan ṣiṣẹ́ nínú pééjì, ìkìlọ̀ mi tí mo fi Yorùbá kọ ò tiẹ̀ jáde mọ́. Ló bá tún mú fóònù ẹ̀, ó ya screenshot, ó jẹ́ kí Google Lens kà á, ọ̀rọ̀ àlọ́ náà ti bọ́ sí WhatsApp ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kẹ́nì kan tó lè ka ọ̀rọ̀ yín, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ránṣẹ́ sí bùráúsà ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá ti gbé lé e lọ́wọ́, ọwọ́ ẹ̀ náà ló wà yẹn."

Bí wọ́n ṣe dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Tim Berners-Lee gbé èrò ẹ̀ kalẹ̀ ní CERN, ibi ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Switzerland, ní 1989, wàhálà tó fẹ́ yanjú ni pé kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ibẹ̀ ò bára mu, ìwé tó wà lórí ti ẹnì kan ò ṣeé kà lórí ti ẹnì kejì. Ó wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ kan náà á fi ṣeé kà lórí ohunkóhun téèyàn bá ní lọ́wọ́. Èmi wá ń san dọ́là 39 kí wọ́n bá mi tú ohun tó ṣe yẹn palẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ràn sí àbúrò mi lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Mo padà sínú plugin náà, mo rí i pé wọ́n ní èyí tó le jù, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó sanwó. Nǹkan méjì ni. Ọ̀kan, kò ní fi ọ̀rọ̀ náà sínú pééjì látìbẹ̀rẹ̀, JavaScript ló máa lọ gbé e wá tó bá ti yẹ bùráúsà èèyàn wò tán. Èkejì, ó máa pààrọ̀ àwọn lẹ́tà lábẹ́lẹ̀, á wá fi fọ́ǹtì tiẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀, ohun tí ojú máa rí ni "Ìjàpá", tẹ́ ẹ bá kọ́pì ẹ̀, jágbajàgba ló máa jáde. Mo tan méjèèjì.

Láti ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo.

Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí ni àǹtí mi kan ní Ṣakí. Wọ́n máa ń ka àlọ́ yẹn fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn lálẹ́ tí iná bá ti lọ. Fóònù kékeré ni wọ́n ń lò, Opera Mini ni wọ́n fi ń wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì torí dátà. Wọ́n ní, "Ṣé o ti kó àlọ́ ìyá kúrò níbẹ̀ ni? Funfun báláú ni mò ń rí." Mo ní rárá o àǹtí, ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní bóyá fóònù àwọn ló ti gbó, àwọn á ní kí ọmọ àwọn ra òmíì. Mo ní ẹ má ì rà o. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó mọ ìdí ẹ̀. Opera Mini, tó bá wà lórí èyí tó ń ṣẹ́ dátà kù jù lọ, ó máa ń gbé pééjì gba orí sáfà tiwọn kọjá ná, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fún un pọ̀ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí fóònù, JavaScript ò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè ṣe bó ṣe fẹ́ níbẹ̀. Plugin mi ń dúró kí JavaScript lọ gbé ọ̀rọ̀ wá, JavaScript ò lọ, pééjì wá ṣófo. Ẹ sì mọ bí àwọn tó ń lo Opera Mini nílé wa ṣe pọ̀ tó. Àwọn tí dátà ń wọ́n fún gan-an ni mo ti ìlẹ̀kùn mọ́, àwọn yẹn náà ni mo torí ẹ̀ ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ti fọ́ǹtì ló tún burú jù fún àwa tá a ń kọ Yorùbá, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí dáadáa torí mi ò rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ kí n tó rà á. Lẹ́tà "á" yìí, nínú kọ̀ǹpútà ẹyọ kan ni. Ṣùgbọ́n "ẹ́" àti "ọ̀", kò sí ẹyọ kan fún wọn nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà gbogbo èdè, "ẹ" olójú abẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, wọ́n á wá gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀, nǹkan méjì ló so pọ̀ tá a fi ń rí i bí ẹyọ kan. Àwọn tó ṣe fọ́ǹtì yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn. Gbogbo àmì orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, òmíì lọ jókòó sórí lẹ́tà ẹlẹ́ẹ̀kejì, òmíì di àpótí kékeré onígun mẹ́rin, òmíì ò sí níbẹ̀ mọ́ rárá. Ibi tí mo kọ pé Ìjàpá gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, "ọkọ" ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London tó ń fi àlọ́ yìí kọ́ èdè, kí ló fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀? Irú wọn kan máa ń kọ̀wé sí mi, ó ní òun máa ń kọ́pì ọ̀rọ̀ tí kò bá yé òun lọ sínú díṣọ́nárì. Kò rí ìyẹn náà ṣe mọ́.

Èyí tó jẹ́ kí n yọ ọ́ kúrò ni ti tíṣà kan n'Íbàdàn. Bàbá ni wọ́n, wọn ò ríran, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, àlọ́ mi wà lára ohun tí wọ́n ń pa fún kíláàsì wọn. TalkBack tó wà lórí Android, tó máa ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè fún afọ́jú, ni wọ́n ń lò lórí fóònù, ní ibi iṣẹ́ NVDA tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Australia ní 2006 tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dòní. Wọ́n pè mí, wọ́n ní tí mo bá ń bọ̀ n'Íbàdàn kí n yà sọ́dọ̀ àwọn. Mo yà. Wọ́n gbé fóònù lé orí tábìlì, wọ́n fi ìka àárín wọ́ orí gíláàsì ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá okùn abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ohùn òyìnbó ni fóònù yẹn fi ń ka Yorùbá mi, kò dáa létí, ṣùgbọ́n wọ́n ní etí àwọn ti mọ́ ọn, àwọn mọ bó ṣe ń pe "gb" àti bó ṣe ń pe "ṣ", àwọn á tún un ṣe lọ́kàn. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tó ń jáde ni lẹ́tà tí kò ní orí tí kò ní ìdí, q, x, v, nọ́ńbà méje, q. Wọ́n gbé ìka sókè, wọ́n tún gbé e sílẹ̀ níbòmíì. Q, x. Wọ́n wá ní, "Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó ń tún fóònù ṣe. Ó ní kò sóhun tó ṣe é, ó kàn pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Nọ́ńbà àwọn èèyàn mi ti lọ. Ó ṣì ń kà á bẹ́ẹ̀."

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ má bínú sà, èmi ni mo fà á, fóònù yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ń kàwé fún wọn yẹn, kì í wo bí lẹ́tà ṣe rí lójú, ohun tó wà lábẹ́lẹ̀ ló ń kà, abẹ́lẹ̀ yẹn gan-an ni mo sì sanwó fún kí wọ́n dà rú. Inú ilé wọn níbẹ̀ ni mo ti wọ wẹ́bsáìtì mi lórí fóònù, mo pa plugin náà, mo ní kí wọ́n tún un ṣí. Ohùn òyìnbó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ padà.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni plugin, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ dáhùn. Wọ́n ní kí n yọ àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìkàwé sọ́tọ̀ kí àgádágodo má mú wọn. Mo ní báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ wọ́n? Bùráúsà kì í sọ fún wẹ́bsáìtì pé afọ́jú ló ń lò mí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ kí gbogbo wẹ́bsáìtì tó bá wọ̀ máa mọ ìyẹn nípa òun? Wọn ò rí ìyẹn dáhùn. Ìlànà W3C, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò bí wẹ́ẹ̀bù ṣe gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, lórí bí ọ̀rọ̀ orí wẹ́ẹ̀bù ṣe gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn ti wà láti 1999, wọ́n ti tún un ṣe lóríṣiríṣi ìgbà, èyí tó wà níta báyìí, 2.2, 2023 ló jáde. Ẹni tó bá ń ta irú ọjà báyìí, kò yẹ kó jẹ́ èmi ni màá máa sọ ọ́ fún un.

Ẹnì kan lè ní ṣebí Netflix ti tiẹ̀ pa. Òótọ́ ni, tẹ́ ẹ bá ya screenshot fíìmù wọn, lọ́pọ̀ ìgbà dúdú ló máa jáde. Ìyẹn yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣe fóònù àti bùráúsà ló bá wọn so kọ́kọ́rọ́ yẹn mọ́ inú ẹ̀rọ, W3C fọwọ́ sí ọ̀nà ẹ̀ ní 2017, ó dá ìjà sílẹ̀ débi pé EFF, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, kúrò lẹ́gbẹ́ W3C lórí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán bíi tiwa ò ní irú ẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ní in, owó yín ló ń wò.

Ẹ sì gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo lọ wá àlọ́ mi lórí Google, mo tẹ gbólóhùn àkọ́kọ́ ẹ̀, ti ẹni tó jí i gbé ló jáde. Tèmi ò sí níbẹ̀. Tiẹ̀ ò ní àgádágodo, lẹ́tà tiẹ̀ ò dà rú, gbogbo èèyàn ń rí i kà, àti afọ́jú àti ẹni tó ń lo Opera Mini. Mo fi ₦60,000 bá a ṣe ìpolówó.

Ohun tó gbà mí kò ná mi ní kọ́bọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2022 tí ààrẹ fọwọ́ sí ní March 2023, ti ṣàlàyé bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan ẹ̀ gbé ṣe lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Amẹ́ríkà ti ní irú ẹ̀ láti 1998, DMCA, òun ni Google àti Facebook ń tẹ̀ lé, fọ́ọ̀mù ẹ̀ sì wà lórí wẹ́bsáìtì wọn, ẹ ò nílò lọ́yà kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Mo fi líǹkì tèmi àti tiẹ̀ sí i, mo tọ́ka sí ibi tí èmi kọ "igba" tí òun náà kọ "igba", mo fi ẹ̀dà pééjì mi tó wà ní Wayback Machine, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn wẹ́bsáìtì, hàn wọ́n, ọjọ́ wà lára ẹ̀ pé tèmi ti wà níbẹ̀ ṣáájú tiẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n yọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ tí mo bá ti gbé àlọ́ tuntun síta ni mo máa ń lọ tẹ "Save Page Now" níbẹ̀, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Òfin Nàìjíríà yẹn kan náà tún fàyè sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú láti ní ẹ̀dà ìwé tí wọ́n á lè kà, inú mi dùn nígbà tí mo kà á débẹ̀.

Báyìí, wẹ́bsáìtì mi ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́pì, kó kọ́pì. Mo kọ ọ́ sábẹ́ àlọ́ kọ̀ọ̀kan pé ẹnu ta ni mo ti gbọ́ ọ, ìlú wo, ọdún wo, àti pé ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní kíláàsì kó lò ó, kó ṣáà dárúkọ ìyá. Ohùn ìyá gan-an tí mo gbà sórí fóònù, ìyẹn ò sí níbẹ̀, mi ò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e, torí náà ilé ló wà.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, méjì ni mo fún plugin náà, ọ̀kan torí pé kò le láti so, ọ̀kan torí pé wọ́n ń fèsì. Tẹ́ ẹ bá sì ti rà á kẹ́ ẹ tó ka èyí, ẹ wọ ibi tí wọ́n ń pè ní "Billing", ẹ wá a lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa rí bọ́tìnì kékeré kan tí àwọ̀ ẹ̀ rí bí eérú tí kò fẹ́ hàn, ẹ pa á, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kí wọ́n tún yọ owó lára káàdì yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó rí i.